Kíróòmù Amẹ́ríkà àti Imú Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, a kì í ṣe ọmọ ìyá, a kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ìlú kan náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Mùsùlùmí ni, inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Orí ìlà la ti pàdé, ní Ausländerbehörde, níbi tí àlejò ti ń gba ìwé ìgbélùú ní Berlin, nígbà tí ògiri ṣì pín ìlú náà sí méjì. Òwúrọ̀ òtútù kan ni. Mo pọn ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méjì, ó ń wúkọ́. Ọkùnrin kan tó ti wà níwájú pátápátá bojú wẹ̀yìn, ó wò wá, kò bèèrè ibi tí mo ti wá, ó kàn sọ ọ́ ní Yorùbá pé, "Ìyá ọmọ, ẹ máa bọ̀ níbí. Ẹ gba àyè mi." Òun wá lọ dúró sí ẹ̀yìn ìlà. Èèyàn tó wà láàárín wa á tó ogójì.

Nígbà tí mo jáde, mo dúró dè é kí n lè dúpẹ́. Ó bi mí bóyá mo ń ṣiṣẹ́. Mo ní rárá. Ọkọ mi tó mú mi wá sí Jámánì ti kó lọ bá obìnrin mìíràn ní ìlú mìíràn, ó fi èmi àti ọmọ sílẹ̀ nínú yàrá kan ní Neukölln, níbi tí a ti ń fi èédú dáná kí ilé tó móoru. N kò sọ gbogbo ìyẹn fún un lọ́jọ́ náà. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ìka yín gùn. Wọ́n ń wá ẹni tó máa so irin níbi iṣẹ́ wa."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń so irin. Ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é láti ọjọ́ náà. Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń lò fún un nínú ìwé yìí. Lójúkojú, "ẹ" ni, n kò sì pè é ní "ìwọ" lọ́jọ́ kan rí. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tó ń kà á, torí àwọn "wọ́n" mìíràn ń bọ̀ níwájú.

Ilé iṣẹ́ náà wà ní Kreuzberg, nínú àgbàlá kẹta lẹ́yìn títì. Èèyàn á gba abẹ́ ilé kan kọjá, á bọ́ sí àgbàlá, á tún gba abẹ́ ilé kejì, ìmọ́lẹ̀ á sì máa dín kù bó ṣe ń wọlé lọ. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀: ọ̀gá, tó jẹ́ ará Jámánì, obìnrin akọ̀wé kan, ará Tọ́kì méjì tó ń fi ẹ̀rọ dán irin, Ẹ̀gbọ́n, àti èmi. Irin tó ti dípẹtà ni wọ́n ń kó wá fún wa. Àwọn ará Tọ́kì á há a, wọ́n á dán an. Èmi á fi wáyà bàbà so ó mọ́ férémù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n á wá rì í bọ inú ọpọ́n ńlá mẹ́ta tó tẹ̀ léra: ti bàbà, ti níkẹ́lì, ti kíróòmù, irin funfun tó ń dán tí wọ́n fi ń bo irin mìíràn, sì ni ìkẹyìn. Ohun tó bá jáde níbẹ̀, èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ bíi dígí.

Mo rò pé ẹnu ẹ̀rọ omi àti irin kẹ̀kẹ́ la ó máa ṣe. A ń ṣe wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe wọ́n ló gbé ilé iṣẹ́ náà dúró. Mọ́tò Amẹ́ríkà ni, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1950 sí 1960. Sójà Amẹ́ríkà pọ̀ ní Berlin nígbà náà, àwọn kan nínú wọn sì ti fi ọkọ̀ ojú omi kó irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn ará Jámánì náà wà tí wọ́n ń wá a kiri bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rí kò wá bíi mọ́tò. Nínú àpótí ló wà, wọ́n ti tú u, wọ́n fi aṣọ ìbora àti ìwé ìròyìn dì í. Ẹ̀gbọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, ó ń to àwọn irin náà lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tò ó títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Mo bi í pé mọ́tò mélòó nìyí.

Ó ní, "Ẹyọ kan."

N kò rí irú àṣejù bẹ́ẹ̀ rí lára irin. Bọ́ńpà iwájú nìkan, èèyàn méjì ló ń gbé e. Eyín kún ẹnu mọ́tò náà, eyín dídán, bíi ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tí kò sì sí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Lẹbẹ méjì yọ lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti ẹja, wọ́n sì tún fi irin yí etí lẹbẹ náà ká. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ sáré láti iná iwájú dé iná ẹ̀yìn, ó ṣẹ́ kọ́nà láàárín, ó padà. Wọ́n fi irin kun ìpéǹpéjú iná. Wọ́n fi irin ṣe ìràwọ̀, wọ́n fi ṣe ọfà, wọ́n fi ṣe ọkọ̀ òfúrufú kékeré sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé mọ́tò náà máa fò. Nínú rẹ̀, àwo tí wọ́n ń da eérú sìgá sí ní tiẹ̀. Abẹ́ àga pàápàá, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé, mo bá irin kan níbẹ̀ tí wọ́n ti fi kíróòmù bò. Ìdí tí wọ́n fi bò ó kò yé mi títí dòní.

Bọ́ńpà iwájú yẹn ní kókó méjì tó ṣóńṣó síwájú, ó rí gẹ́lẹ́ bí ọmú ọmọge. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó wò mí, ó mú àkísà, ó fi bò ó. "Obìnrin ń bẹ níbí," ló wí. Àwọn ará Tọ́kì tí wọn kò gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó ṣe, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi pa ẹ̀rọ.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe wọ́n báyẹn, Ẹ̀gbọ́n ní àlàyé tirẹ̀. "Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà," ó máa ń sọ. "Irin ṣẹ́ kù, owó ṣẹ́ kù, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Bí lẹbẹ ti èṣí bá gùn tó báyìí, tọdún yìí gbọ́dọ̀ gùn jù ú. Ẹni tó ra ti èṣí á wá máa tijú níwájú aládùúgbò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, títí mọ́tò fi dà bí ìyàwó tó kó ẹ̀ṣọ́ ìyá rẹ̀ wọ̀, tó tún kó ti ìyá ọkọ, tó tún yá ti ẹnu ọ̀nà kejì." Á wá mi orí. "Àṣejù ni, àbúrò. Ṣùgbọ́n ó wù mí."

Ó ní ìdí tó fi wù ú. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ní Ìbàdàn, tó ti lé díẹ̀ ní ogún ọdún, oníṣòwò kòkó kan ra irú rẹ̀. Mọ́tò náà fẹ̀ ju àdúgbò rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan ó há sáàárín ògiri ilé méjì, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn, oníṣòwò náà kò sì lè ṣí ilẹ̀kùn jáde. Ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé mọ́tò náà nílẹ̀ pẹ̀lú olówó inú rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì wà lára wọn. "Bọ́ńpà ni mo dì mú," ó sọ fún mi. "Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, ó fẹ̀ bí àwo. Mo ní, ah, ṣé bí mo ṣe lẹ́wà tó nìyí?"

Ohun tí kò wá sí mi lọ́kàn nígbà náà ni pé gbogbo ọ̀ṣọ́ yẹn, ẹnì kan ní láti dúró tì í. Mọ́tò Jámánì ní bọ́ńpà méjì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn mẹ́rin, ó parí. Ti Amẹ́ríkà á lé ní ọgọ́rùn-ún irin, àti ńlá àti wẹ́wẹ́, gbogbo wọn pátá ló sì gbọ́dọ̀ wọ inú ọpọ́n kẹta. Omi inú ọpọ́n náà pọ́n bí epo tó jóná. Tí iná ẹ̀lẹ́kítíríkì bá ti wọ inú rẹ̀, á máa hó wẹ́wẹ́, ìrì omi tín-ín-rín á sì máa gòkè láti ojú rẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń ta lẹ́nu bí ẹyọ owó tí ọmọdé lá. Fáànù ńlá kan wà létí ọpọ́n tó yẹ kó máa fa èéfín náà síta. Ẹ̀gbọ́n ló ń dúró síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn ihò kékeré wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, yíyípo, bí ẹni pé wọ́n fi ìlu lu ú. Ó ní kì í dun òun.

Ọjọ́ kan ni mo mọ̀ nípa imú rẹ̀. Mo gbé ẹ̀wà kaná lórí sítóòfù kékeré tí a fi ń se oúnjẹ ọ̀sán, akọ̀wé pè mí sí ọ́fíìsì, mo sì gbàgbé. Nígbà tí mo sáré padà, èéfín ti kún ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó ti sítóòfù náà, ó kẹ́yìn sí i, ó ń ka ìwé ìròyìn.

Mo pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ò gbóòórùn ni?"

Ó yí padà, ó wo ìkòkò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí n kò ti gbóòórùn nǹkan kan." Ó wá mú igi ìṣáná kan, ó ní kí n wò. Ó fi í sí ihò imú rẹ̀ ọ̀tún, mo sì rí orí ìṣáná náà tó yọ ní ihò òsì. Ògiri tó wà láàárín imú rẹ̀ ti lu. Kíróòmù ti jẹ ẹ́ lu.

Mo gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀, kò dùn mí rárá. Ẹni tó wà níbí ṣáájú mi ní irú rẹ̀. Bí a ṣe ń mọ ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn." Ó tún fi ìṣáná náà sínú páálí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ògiri Berlin wó, iṣẹ́ pọ̀ sí i. Àwọn sójà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í múra àtilọ, wọ́n ń ta mọ́tò wọn. Ìgbà náà ni fáànù bàjẹ́. Ó kọ́kọ́ ń pariwo, ó wá dákẹ́. Mo lọ bá ọ̀gá, mo sọ fún un. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó máa ń ra bàtà òtútù fún ọmọ mi lọ́dún Kérésìmesì. Ó gbọ́ mi jáde, ó ní, "Nächste Woche." Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn lé ní ọdún kan. Ẹ̀gbọ́n fi áńkáṣíìfù di imú, ó ń báṣẹ́ lọ. Nígbà tí mo ní kó lọ fúnra rẹ̀ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó ní, "Àbúrò, ẹni tó gbà mí síṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gbà mí, ṣé èmi ni màá máa pariwo mọ́?" Ikọ́ ti wọ inú ohùn rẹ̀ nígbà náà. A ní òtútù ni.

Mọ́tò tó kẹ́yìn tí a jọ ṣe jẹ́ ti ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní Neukölln, ó ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kò sì ní ọmọ. Ó ra mọ́tò náà lọ́wọ́ sójà kan. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni, lẹbẹ rẹ̀ ga ju ti gbogbo èyí tí mo ti rí lọ. Ó gbà wá lóṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ padà, bàbá náà ní àwọn tó fọwọ́ ṣe é ló máa kọ́kọ́ gùn ún. Ọ̀sán Sátidé kan, ó wá gbé wa. Ẹ̀gbọ́n wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ agbádá kékeré kan tó mọ́ tónítóní, ó dé fìlà. Èmi àti ọmọ mi wà lẹ́yìn. Oòrùn ràn, ìtànṣán ń ta láti ara mọ́tò náà lu fèrèsé àwọn ilé. Gbogbo èèyàn dúró, wọ́n ń wò. Ọmọ mi, tó ti ń lọ síléèwé, dìde lórí àga, ó ń kígbe ní èdè Jámánì pé, "Mama, alle gucken!" Gbogbo ayé ń wò wá.

Ẹ̀gbọ́n ń juwọ́ sí wọn. Ó ń juwọ́, ó ń wúkọ́. Ní oríta kan tí a dúró sí, ó bo ẹnu mọ́ áńkáṣíìfù, ó wúkọ́ pẹ́, ó wo inú rẹ̀. Èmi náà rí i láti ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ká áńkáṣíìfù náà sí mẹ́rin, ó fi sápò, iná yí sí àwọ̀ ewé, ó sì tún gbé ọwọ́ sókè, ó ń juwọ́.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Dókítà tó rí i bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní kó la ẹnu, ó yẹ ihò imú rẹ̀ wò, ó sì wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun máa kọ̀wé, pé Berufskrankheit ni, àìsàn tí iṣẹ́ fà, pé ó yẹ kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní tó bá rí ẹ̀tọ́ náà gbà, òun máa kó lọ sí Ọ̀yọ́, òun máa lọ jókòó níwájú ilé bàbá òun. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní, tó ń gbé ní Hamburg.

Àwọn tó ń yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá ṣèbẹ̀wò. Kí wọ́n tó dé, ọ̀gá ti wá ẹni tún fáànù náà ṣe. Ní ọjọ́ mẹ́ta, iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe fún ọdún kan ó lé ti parí. Lẹ́yìn náà ó ń pè wá wọ ọ́fíìsì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó kàn mí, ó ní kí n jókòó. Ìwé kan ti wà nílẹ̀ tí akọ̀wé ti tẹ̀. Ìwé náà sọ pé fáànù ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, pé wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ ní ìbòmú, pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ni kì í lò ó.

Ọ̀gá ní, "Fáànù yẹn ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Àbí kò ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Ó pẹ́ tó fi dúró, ọ̀gá."

Ó fọwọ́ pa ojú. Ó dà bí ẹni tí kò sùn. Ó ní, "Tí wọ́n bá ti ibí pa, gbogbo wa la máa jókòó sílé. Ara òun náà ò ní tìtorí ìyẹn yá."

Oṣù méjì ló kù kí ìwé ìgbélùú mi parí. Láti tún un gbà, mo nílò lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ pé mo ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ti béèrè fún lẹ́tà náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wà lórí tábìlì yẹn kan náà, ó ti tẹ̀ ẹ́, ó ti fọwọ́ sí i. Kò sọ pé tí n kò bá fọwọ́ sí ti fáànù, òun kò ní fún mi ní tèmi. Ọlọ́run mọ̀ pé kò sọ ọ́. Ìwé méjèèjì kàn wà nílẹ̀, bíró kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn.

Mo fọwọ́ sí i. Mo kọ orúkọ mi gbogbo, ní lẹ́tà tó ṣe kedere, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní iléèwé Abẹ́òkúta. Mo mú lẹ́tà tèmi, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó wá ṣèbẹ̀wò kò gba ẹ̀bẹ̀ Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí tó pọ̀ tó, àti pé ó ti mu sìgá nígbà èwe rẹ̀. Ó wá kó ẹrù rẹ̀ níbi iṣẹ́, rédíò kékeré kan, ẹní ìkírun, àti bàtà rọ́bà. Ó bọ gbogbo wa lọ́wọ́ yípo. Ó ní òun ń lọ bá ọmọ òun ní Hamburg. Ó fọwọ́ kan orí mi, ó ní, "Máa tọ́jú ọmọ." N kò lè wo ojú rẹ̀, ó sì rò pé ẹkún ni.

Ó tó ọdún kan kí n tó lọ wò ó. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ kò jẹ́, pé ọmọ kò jẹ́. Nígbà tí mo kúrò níbi iṣẹ́ náà, tí mo rí òmíràn ní ilé àwọn arúgbó, kò sí àwáwí kankan mọ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin. Láti ibùdó Hamburg mo tún wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Osdorfer Born, níbi tí àwọn ilé alájà pọ̀ bí igbó. Ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin tó gùn, tó wọ aṣọ iṣẹ́. Mo kí i, "Ẹ káàsán." Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n èdè Jámánì ló fi dá mi lóhùn. Ó tọ́ka sí pálọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wà lórí àga gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, rọ́bà afẹ́fẹ́ wà ní imú rẹ̀. Ara rẹ̀ ti tán. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde. N kò dìde.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo wá bẹ̀ yín."

Ó ní, "Ìwé yẹn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ mi kà á fún mi. Orúkọ mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé ìgbélùú mi ni mo rò…"

"Mo mọ̀. Ṣé orí ìlà ìwé ìgbélùú kọ́ la ti pàdé ni?" Ó sinmi, ó ń mí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà á lágbára. "Gbọ́. Ká ní o wá bá mi kó o tó fọwọ́ sí i, ká ní o sọ pé, 'Ẹ̀gbọ́n, báyìí báyìí ni wọ́n gbé síwájú mi,' èmi fúnra mi ni ǹ bá ní kó o fọwọ́ sí i. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n lé ìwọ àti ọmọ lọ nítorí mi. Ohun tó dùn mí nìyẹn. O ò wá."

Mo sunkún. Kò ní kí n dákẹ́, kò sì bá mi wí mọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó béèrè bóyá mo ti jẹun.

Nígbà tí mo ń lọ, ọmọ rẹ̀ sìn mí dé ibi ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí n tún wá bá bàbá òun sunkún, pé ó ń gba èémí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní tí mo bá fẹ́ ṣe nǹkan kan, ẹni tó yẹ kí n lọ bá kò sí nínú ilé yìí. Kò pariwo. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà sì pa dé.

Mo padà sí Berlin, mo lọ sí Beratungsstelle kan ní Kreuzberg, níbi tí wọ́n ti ń bá àlejò kọ lẹ́tà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọ ohun gbogbo fún obìnrin tó wà níbẹ̀: ọjọ́ tí fáànù dákẹ́, áńkáṣíìfù, igi ìṣáná, tábìlì ọ̀gá. Ó kọ ọ́. Ó kìlọ̀ fún mi pé mo lè rí ìjìyà, torí pé mo ti fọwọ́ sí irọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó fi ránṣẹ́. Mo lọ bá àwọn ará Tọ́kì méjèèjì náà. Ọ̀kan lé mi jáde. Èkejì fọwọ́ sí i. Imú tirẹ̀ náà ti lu.

Ìwé ìjọba a máa rọra rìn. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti wá sọ tẹnu mi, wọn kò fìyà jẹ mí. Láàárín ìgbà náà, ilé iṣẹ́ wa ti kógbá wọlé. Lẹ́yìn tí àwọn sójà lọ, àwọn tó ń ra mọ́tò bẹ́ẹ̀ dín kù, ọ̀gá sì ti darúgbó. Láàárín ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n kú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Wọ́n ti sin ín bí wọ́n ṣe ń sin Mùsùlùmí, kíá, ní Hamburg, kì í ṣe ní Ọ̀yọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo gbọ́, lẹ́nu ẹnì kan tó ń ta oúnjẹ Áfíríkà ní Neukölln.

Ó tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìsìnkú kí fóònù ilé mi tó dún. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n ni. Ó ní, ní èdè Jámánì, pé wọ́n ti gbà pé iṣẹ́ ló pa bàbá òun. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Ó ní, "Mein Vater hat nichts davon." Bàbá òun kò jẹ nínú rẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọmọ mi ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà. Ó ń ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ̀ lórí tábìlì, ó bi mí pé ta ni. Mo jókòó, mo sì sọ ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní tí n kò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?

Mo ní, "Bóyá wọn ì bá ti lé wa padà sílé."

Ó gbé èjìká. "Dann wären wir eben zu Hause gewesen." Nígbà náà, ilé la ì bá wà.

Ilé tó ń wí yẹn, kò dé ibẹ̀ rí. Ó ń wò mí, ó ń dúró de ìdáhùn.